Ọ̀rọ̀ Tíṣà: Ẹ Wọn Ẹsẹ̀ Ẹ́ńjìnnì Kí Ẹ Tó Sanwó

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí àkọlé ọ̀rọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí, àwọn kan nínú yín yóò wí pé, "Kí ni Tíṣà Awo rí tí ó fi ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi? Ṣé odò Erinlẹ̀ ti di òkun ni?" Òótọ́ ni pé Erinlẹ̀ àti Ọ̀ṣun tí a ní lẹ́bàá wa kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì méjì sí ìdí ọkọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹja gbígbẹ tí ẹ fi se ọbẹ̀ lánàá ńkọ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi kí ó tó wọ mọ́tò. Owó yín wà nínú ọkọ̀ náà, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ èbúté tí ó ti ṣí.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá nìyí. Ní ọjọ́ ọjà tí ó kọjá, ìyá kan tí ń ta ẹja ní ọjà wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọlọ́kọ̀ tí ń kó ẹja fún wa láti Ìgbọ́kọ̀dá ní kí àwa mẹ́ta tí à ń rajà lọ́wọ́ òun dáwó, kí òun fi ra ẹ́ńjìnnì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ńlá, pé ní ọjọ́ tí ńlá bá dákú, kí kékeré lè gbé wọn délé. Ó ní méjì ni òun rí. Ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ni ó dínwó. Mo ní kí ó ra èyí tí ó dínwó. Ṣé gbogbo ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ni?"

Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀, àyà mi já. Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ fún mi gan-an nìyẹn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí mo sì gbà á gbọ́, tí ó sì kù díẹ̀ kí ó sọ ìyàwó mi di opó.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyàwó mi. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí èmi náà ń pè ní Bùrọ̀dá, ni ó ni ọkọ̀ pákó gígùn tí ó ń yí àwọn abúlé etí ọ̀sà ká láti kó ẹja wá sí ọjà. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 ni ó wà ní ìdí rẹ̀, irú èyí tí ó kún etí omi wa láti Mákòkó títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Ní ọdún náà, ẹ́ńjìnnì yìí kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní àárín ọ̀sà nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, orí omi ni wọ́n sì sùn mọ́jú. Nígbà tí wọ́n dé, Màmá àna mi ní òun kò ní í jẹ́ kí ọmọ òun tún fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo wọ ọ̀sà mọ́. Ẹbí dáwó. Èmi náà yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa tíṣà, mo fi kún un. Owó oṣù mi mẹ́rin ni.

Oṣù kẹjọ ni, nígbà ìsinmi gbọọrọ. Mo wọ mọ́tò láti Awo lọ sí Ìbàdàn, láti Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde, láti ibẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní kí èmi àti Bùrọ̀dá jọ lọ ra ẹ́ńjìnnì náà nítorí pé èmi ni mo kàwé, kí wọ́n má ba à fi gẹ̀ẹ́sì rẹ́ wa jẹ. A rí tòkunbọ̀ kan, ẹṣin 8, ó mọ́ tónítóní. Mo yẹ ọ̀dà rẹ̀ wò, mo yẹ okùn tí wọ́n fi ń fà á wò, mo ka nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀. Lẹ́tà S wà ní ìdí nọ́ńbà náà. Mo rí i o! Mo rò pé orúkọ oríṣi rẹ̀ ni. Mo bi ẹni tí ń tà á bóyá ó máa bá ọkọ̀ wa mu, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ńjìnnì." Ó kọjú sí Bùrọ̀dá, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo sanwó. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó fi téèpù kan ohunkóhun.

A kan pákó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìdí ọkọ̀, a gbé ẹ́ńjìnnì kékeré náà kọ́ ọ, a sì dán an wò ní èbúté. Ó ṣiṣẹ́ dáradára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà ìdánwò yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti tan ara wa jẹ. Gbogbo wa, ènìyàn márùn-ún, ni a rọ́ lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láti lọ wòran ẹ́ńjìnnì tuntun. Ìwúwo wa tẹ ìdí ọkọ̀ rì. Omi èbúté sì dákẹ́ bí omi inú ìkòkò.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo bá wọn lọ sí abúlé kan ní òdìkejì ọ̀sà. A di mẹ́fà nínú ọkọ̀: Bùrọ̀dá, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Màmá, obìnrin méjì mìíràn àti èmi. Nígbà tí a ń bọ̀, a to àwọn agbọ̀n ẹja àti àpótí yìnyín sí iwájú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí ẹ̀yìn lè ṣófo fún awakọ̀. Afẹ́fẹ́ dìde ní ìrọ̀lẹ́. Lójijì ni ẹ́ńjìnnì ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó sì kú. Omi ni ó ti wọ inú epo. Bùrọ̀dá kò dààmú. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Àna wa, ọjọ́ owó yín rèé." Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì kékeré, ó sì jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin ará mi, igbe tí ẹ́ńjìnnì náà ké! Bí ìgbì bá ti gbé ìdí ọkọ̀ sókè, a ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa. Bí ìdí ọkọ̀ bá sì sọ̀ kalẹ̀, a kùn díẹ̀, a tì wá síwájú díẹ̀, kí ìgbì mìíràn tó tún gbé e. A kò lọ síbì kankan. Afẹ́fẹ́ ń gbá wa lọ ní ẹ̀gbẹ́. Mo wo ibi tí omi ti máa ń tú jáde lára ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn ọmọ èbúté fi ń wí pé ẹ́ńjìnnì "ń tọ̀". Kò tọ̀ mọ́. Òórùn rọ́bà tí ń jó dé imú mi. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wù amúniléfòó mẹ́ta péré ni ó wà nínú ọkọ̀ fún ènìyàn mẹ́fà, ojú sì ń ti gbogbo wa láti kọ́kọ́ mú un. Èyí náà yẹ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, nítorí pé àjọ NIWA tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1997 àti LASWA tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2008 kò sinmi láti máa pariwo rẹ̀ sí wa létí.

Bùrọ̀dá pa ẹ́ńjìnnì náà kí ó tútù. Ó wo iwájú ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó sì kígbe pé, "Gbogbo yín, ẹ bọ́ sẹ́yìn! Ẹ kó àwọn agbọ̀n wá sẹ́yìn!" A ń rákò, a ń wọ́ agbọ̀n. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ rì, ó tún fa okùn náà, ẹ́ńjìnnì kùn dáadáa, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lára rẹ̀, ọkọ̀ sì ń rìn. Ṣùgbọ́n bí ìdí ọkọ̀ ti rì tó yìí, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ń bu omi wọlé lé wa lórí. Èmi àti Màmá ni a fi abọ́ ń gbọ́n ọn dànù. Aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá kí a tó gúnlẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ Màmá kan ilẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Tíṣà, gbogbo ìwé tí o kà yẹn, kò sọ ohunkóhun nípa ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì?" N kò rí èsì fọ̀.

Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ní èbúté ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ kejì. Téèpù àwọn aránṣọ ni ó yọ láti inú àpò rẹ̀. Ó ní kí n di orí kan mú.

Gbogbo ẹ́ńjìnnì tí à ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ni ó ní orí, níbi tí iná ti ń ṣẹ́, tí ó sì ní ẹsẹ̀ gígùn tí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní ṣáàfù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni abẹ́bẹ̀ tí ń ti ọkọ̀ wà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pùròpẹ́là. Lókè abẹ́bẹ̀ yìí ni irin pẹlẹbẹ kan nà jáde bí àwo. Iṣẹ́ irin pẹlẹbẹ yìí ni láti dí abẹ́bẹ̀ lọ́wọ́ kí ó má fa afẹ́fẹ́ mu láti ojú omi. Bí abẹ́bẹ̀ bá fa afẹ́fẹ́, kò rí nǹkan dì mú mọ́, yóò kàn máa yí lásán ni. Igbe tí a gbọ́ nìyẹn. Àwọn ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi láti fi tu ara rẹ̀ lára wà ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá yọ sókè omi, pọ́ǹpù kò rí omi fà, rọ́bà inú rẹ̀ yóò sì jó, nítorí pé omi kan náà ni ó ń mú un yọ̀. Òórùn tí mo gbọ́ nìyẹn.

Ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú lásán. Wọ́n ń ṣe wọ́n ní íǹṣì 15, èyí ni kúkúrú. Íǹṣì 20, èyí ni gígùn. Àti íǹṣì 25, èyí ni gígùn jù. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ó tó 30 fún ọkọ̀ ńláńlá. Iye yìí lè fi díẹ̀ yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Yamaha a máa fi lẹ́tà S sí kúkúrú, L sí gígùn, X sí gígùn jù, ní ìdí nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà S tí mo kà sí orúkọ!

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni bí a ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n láti orí ẹ́ńjìnnì dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibi tí irin ìgbámú rẹ̀ ti jókòó lórí pákó ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ibi irin pẹlẹbẹ tí mo wí ni ẹ ó sì parí rẹ̀ sí. Ti ọkọ̀, láti orí pákó tí ẹ́ńjìnnì yóò jókòó lé ni, tààrà sí ìsàlẹ̀, títí dé ibi tí abẹ́ ọkọ̀ parí sí. Bí pákó náà bá dà sẹ́yìn, ẹ má ṣe tẹ̀ lé ìdà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí téèpù sọ̀ tààrà bí okùn bíríkìlà. Bí ó bá jẹ́ pé lórí pákó tí ẹ kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ni ẹ́ńjìnnì kékeré yóò wà, láti orí pákó yẹn ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti orí pákó ti ńlá. Pákó ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń ga ju ti àárín lọ.

Nígbà tí a wọn tiwa, láti orí pákó ẹ̀gbẹ́ dé abẹ́ ọkọ̀ jẹ́ íǹṣì 21. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì wa jẹ́ 15. Èyí ni pé irin pẹlẹbẹ náà fi íǹṣì 6 ga ju abẹ́ ọkọ̀ lọ. Nígbà tí àwa márùn-ún rọ́ sẹ́yìn ní èbúté, ìdí ọkọ̀ rì tó íǹṣì 10, irin náà sì wà ní íǹṣì 4 nínú omi. Ìdí rẹ̀ tí ó fi ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí a kó ẹrù sí iwájú, ìdí ọkọ̀ kò rì ju íǹṣì 5 lọ. Ẹ yọ ọ́ wò fúnra yín: irin náà ti yọ sókè omi ní íǹṣì kan kí ìgbì kankan tó dé. Ìṣirò tí àwọn ọmọ kíláàsì mi kẹrin lè ṣe ni. Láti ìgbà náà, nígbà tí mo bá ń kọ́ wọn ní ìwọ̀n gígùn, àwòrán ìdí ọkọ̀ ni mo ń yà sójú pátákó. Wọn kò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹni tí ó ní ẹ́ńjìnnì ńlá tí ń sáré yóò wí pé òun ti gbọ́ pé kí irin pẹlẹbẹ dọ́gba pẹ̀lú abẹ́ ọkọ̀ ni, tàbí kí ó fi íǹṣì kan péré rẹlẹ̀ sí i. Òótọ́ ni, fún ẹ́ńjìnnì ńlá. Ọkọ̀ tí ń fò lórí omi kò fẹ́ irin púpọ̀ nínú omi, nítorí pé yóò máa fà á sẹ́yìn, yóò sì máa ta omi lu àwọn èrò lára. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ń ṣe adelé kì í sáré. Ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń jà, tí ìdí ọkọ̀ ń lọ sókè sódò, ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá fì sí òdìkejì, òun ni yóò kọ́kọ́ yọ. Nítorí náà, kí irin rẹ̀ rẹlẹ̀ ju abẹ́ ọkọ̀ lọ ní íǹṣì méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò burú.

Kì í ṣe pé bí ó ti gùn tó ni ó dára tó. Ọ̀sà Èkó kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹsẹ̀ tí ó gùn jù yóò máa wa yanrìn, yóò sì máa kó koríko ojú omi tí ó ti ń dí ọ̀nà ọkọ̀ wa láti bí ọdún 1984. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ńlá bá sì ń ṣiṣẹ́, kékeré gbọ́dọ̀ ṣeé gbé sókè kúrò nínú omi pátápátá, kí ó má sì dí ńlá lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń yí. Ẹ dán èyí wò pẹ̀lú.

Mo bi mẹkáníìkì náà bóyá a kò lè kúkú sọ pákó ẹ̀gbẹ́ kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ 15 wa lè tó. Owó mi ni mo ń rò. Ó ní kí n ṣírò rẹ̀. Kí irin tó lè fi íǹṣì méjì rẹlẹ̀ ju abẹ́ ọkọ̀ lọ, orí pákó gbọ́dọ̀ wà ní íǹṣì 13. Bí ẹrù bá sì tẹ ìdí ọkọ̀ rì tó 10, íǹṣì mẹ́ta péré ni yóò kù láàrín pákó àti omi. Ìgbì àkọ́kọ́ yóò bo orí ẹ́ńjìnnì. Ohun tí a ṣe ni pé a sọ pákó náà kalẹ̀ láti 21 sí 18, a sì wá ẹlẹ́sẹ̀ 20. A ta kúkúrú náà fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ga, lẹ́yìn tí a ti pààrọ̀ rọ́bà pọ́ǹpù rẹ̀, a sì sọ fún un ní òtítọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. A pàdánù owó. Mo ṣì ń san gbèsè ẹgbẹ́ nígbà tí ọdún yí po.

Ọ̀gbẹ́ni Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí wọ́n bí ní 1877, tí ó sì dàgbà sí Amẹ́ríkà, ni ó sọ irú ẹ́ńjìnnì yìí di ọjà tí gbogbo ayé ń rà, láti 1909, ní ìlú Milwaukee. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ lọ ra áísìkiriìmù fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nínú oòrùn, kí ó sì tó padà dé, áísìkiriìmù ti yọ́. Obìnrin náà, Bess, ni ó wá ń bójú tó ìwé àti owó ilé-iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà lọ́jà títí di 2020 kí àwọn tí ó ni ín tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Inú mi dùn sí ìtàn yìí, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni obìnrin oníṣòwò ti wà nídìí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Ohun méjì péré ni ó kù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì méjèèjì máa mu epo láti inú garawa kan ṣoṣo. Omi tí ó wọ inú epo tí ó pa ńlá, òun náà ni yóò pa kékeré. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kékeré tiwa ní garawa tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ sì fi ṣéènì so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́ ara ọkọ̀, nítorí pé irin ìgbámú a máa tú díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n, owó ẹbí a sì lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀sà.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ìyá ẹlẹ́ja wa, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà o, àwọn oníbàárà ń dá wa dúró. Ó ké sí aránṣọ tí ó wà ní ìsọ̀ kejì, ó ní kí ó ka bí wọ́n ti ń lo téèpù fún òun, ó sì pe ọlọ́kọ̀ náà lórí tẹlifóònù lójú mi. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èsì dé: láti orí pákó ẹ̀gbẹ́ dé abẹ́ ọkọ̀, íǹṣì 22; ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí wọ́n rí jẹ́ 15, gígùn jẹ́ 20. Mo ní kí wọ́n sọ pákó kalẹ̀ sí 18, kí wọ́n sì ra 20. Ó ní ẹni tí ń tà á ti gbọ́ pé wọ́n ń wọn nǹkan, ó sì ti tún gé owó kúkúrú náà wálẹ̀.

Mo bi í pé kí ni ó wí fún un.

Ó ń to ẹja rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo ní kí ó lọ gbé e fún ẹni tí ń fi ọpọ́n pẹja."